Káún kò lè rọ́pò kọ́sítíìkì sódà nínú ọṣẹ

Àwọn kan ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá fẹ́ se ọṣẹ nílé lè fi káún, tàbí sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, rọ́pò kọ́sítíìkì sódà, ìyẹn kẹ́míkà líle tó ń sọ epo di ọṣẹ. Wọ́n ní kò ní jó ọwọ́, ọṣẹ á sì jáde. Irọ́ ni.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ rèé: bí ẹ bá ro omi káún pọ̀ mọ́ epo pupa, á ki, àwọ̀ rẹ̀ á sì di yẹ́lò, bíi ti nkwobi àwọn Ígbò gẹ́lẹ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣì jẹ́ epo. Ẹ fi fọ aṣọ funfun, ẹ ó rí i.

"Ṣé àwọn ìyá wa ra kọ́sítíìkì ni?" Rárá o. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n fi ń se àdín fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó di ọṣẹ dúdú. Omi eérú yẹn le ju káún lọ.

Èyí tó tún léwu jù ni pé kí a kàn fi epo kan rọ́pò òmíràn láìyí òṣùwọ̀n padà. Kílò kan epo pupa ń fẹ́ kọ́sítíìkì bíi 140 gíráàmù. Àdín ń fẹ́ bíi 175. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n àdín se epo pupa, àjẹkù kọ́sítíìkì ni yóò máa fi wẹ̀.

Lóòótọ́, kọ́sítíìkì ń jó ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Inú omi ni kí ẹ da sódà sí, ẹ má da omi lé sódà lórí. Ẹ má sì lo ìkòkò alumíníọ̀mù, ó máa ń jẹ ẹ́.