Ẹ Dá Owó Wa Padà, A Ò Rí Afárá Kankan

Inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó jáde.

Bí èèyàn bá ra ẹ̀kọ, tó tú ewé ẹ̀, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ṣé ẹlẹ́kọ lè lanu sọ pé ewé lòun tà? Ohun tí àwọn oníbọ́ọ̀sì tó ń gbé àlejò káàkiri San Francisco ṣe fún wa gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ká wá wo afárá Golden Gate. A sanwó, a gun bọ́ọ̀sì, kùrukùru la wò bọ̀.

Màámi ló wá kí wa láti Ìbàdàn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti rí afárá pupa yẹn nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Nígbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ wa ní Houston, a ní ó yá, a wọ bàálù. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo yẹ ojú ọjọ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò ni wọ́n ní yóò rọ̀, òjò náà ló sì rọ̀, àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì la ń padà, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í sì í dúró de oòrùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ní tààrà pé ṣé a máa rí afárá yìí báyìí. Ó ní, "Ẹ máa gbádùn ẹ̀ gan-an!" Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì tí òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu ni o. Nínú òjò! Ìsàlẹ̀ ti kún fọ́fọ́, òkè nìkan ló kù fún wa. Òṣìṣẹ́ wọn kan wá fi àkísà nu ìjókòó fún màámi, àkísà tí òun fúnra ẹ̀ ń kán tó tó tó. Ṣe ló kó omi tó wà lẹ́yìn ìjókòó wá sí iwájú, ló bá ní, "Ó ti gbẹ." Ẹ̀wù òjò ọ̀rá tí wọ́n tún gbowó lọ́wọ́ wa lé lórí, a ò tíì kúrò ní ìdúró àkọ́kọ́ tí atẹ́gùn fi fà á ya láti abíyá. Màámi fi ìborùn we gèlè wọn mọ́rí, wọ́n di irin mú, wọ́n ń pe Jésù.

Íápíìsì tí wọ́n ní ká kì bọ etí kò yéé sọ̀rọ̀. Ẹ wo apá ọ̀tún yín, erékùṣù Alcatraz nìyẹn. Apá ọ̀tún funfun báláú. Ẹ gbójú sókè, òpó yìí ga ju omi lọ ní mítà 227. Òkè náà funfun báláú. Inú ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ń ka mítà 1,280 tó wà láàárín òpó méjèèjì fún wa. Màámi yọ ti wọn kúrò létí, wọ́n kọjú sí mi: "Ta ni eléyìí ń bá sọ̀rọ̀?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n mọ̀! Ìlú yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kùrukùru. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣí afárá náà, láti ìgbà yẹn sì ni fèrè ti wà lára ẹ̀ tó ń ké fún ọkọ̀ ojú omi pé kí wọ́n rọra, ojú ò ríran. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kùn ún ní dúdú pẹ̀lú ìlà yẹ́lò kí ọkọ̀ wọn má baà kọlù ú. Irving Morrow, ayàwòrán ilé tó bá wọn ṣètò bí afárá náà ṣe máa rí, ló takú ti àwọ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí, àwọ̀ tó ń hàn nínú kùrukùru. Ó kúkú hàn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gun orí afárá, mo rí irin pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tán. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta lòjò ibẹ̀ ń rọ̀. Bó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kùrukùru á gbà á lọ́wọ́ òjò. Afárá mọ̀, fèrè mọ̀, ọ̀dà mọ̀. Ẹni tó ń gbowó nìkan ni kò mọ̀!

Wọ́n wá já wa sílẹ̀ ní Crissy Field, ọgbà ìgbafẹ́ etí omi tí àwọn èèyàn ti máa ń ya fótò afárá, wọ́n ní bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀. Pápá bàálù àwọn ológun ni tẹ́lẹ̀, pápá gbalasa, ta ló máa wá gbin igi tí màámi á sá sí abẹ́ ẹ̀? Agboòrùn mi yí padà lẹ́ẹ̀kan, irin ẹ̀ ta síta. Tọkọtaya kan dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó, ẹni tó ń ya wọ́n ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n nawọ́ sí afárá. Afárá wo? Àwọn ará ìlú náà ń fi ṣòkòtò péńpé sáré kọjá pẹ̀lú ajá wọn, bí òtútù yẹn kò ṣe mú wọn kò yé mi di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì ò dé. Ẹyín màámi ti ń gbá ara wọn. Takisí ni mo pè níkẹyìn, owó mìíràn nìyẹn.

Mo padà lọ bá wọn. Wọ́n yí ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì sí mi, lẹ́tà wínníwínní kan wà níbẹ̀ pé òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o, àwọn kì í dá owó padà. Àwòrán tó wà níwájú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ńkọ́? Ojú ọ̀run aró, oòrùn yọ, afárá ń dán. Mo kọ̀wé sí wọn láti Houston. Wọ́n fèsì pé àwọn máa bu díẹ̀ kúrò nínú owó wa nígbà tí a bá tún padà wá. Ìbàdàn ni màámi wà báyìí, ẹ̀yin èèyàn yìí! Ṣé ẹ máa fi bọ́ọ̀sì gbé wọn wá ni?

Kámẹ́rà tó ń fi afárá yẹn hàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n gbé e kọ́ sójú wíńdò tí wọ́n ti ń gbowó. Ẹni tó bá rí funfun báláú tó sì ṣì fẹ́ sanwó, kó san án. Owó màámi ni mo ń bèèrè, mi ò bèèrè ẹ̀dínwó.