Àtúnṣe: Bíbuwọ́ lu fọ́ọ̀mù látòkè kò dín irọ́ kù

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé bí ènìyàn bá buwọ́ lu ìlérí òótọ́ lókè fọ́ọ̀mù kó tó kọ ọ́, irọ́ rẹ̀ á dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde nínú PNAS (ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà) lọ́dún 2012 ló bí i. Wọ́n lo àkọsílẹ̀ oníbàárà adójútòfò tó lé ní 13,000, tí wọ́n ń kọ máìlì ojú géèjì ọkọ̀ wọn sílẹ̀. Bí máìlì bá ṣe kéré tó ni owó tí wọ́n máa san ṣe ń kéré. Irọ́ lérè níbẹ̀.

Ní 2020, àwọn olùwádìí náà fúnra wọn tún un ṣe, àbájáde pé bíbuwọ́ lù ú látòkè ń dín irọ́ kù kò yọjú mọ́. Ní 2021, àwọn mìíràn tú dátà náà wò: máìlì tí ọkọ̀ rìn pín dọ́gba-dọ́gba láti òdo dé 50,000, ó sì gé bọ́ lójijì níbẹ̀. Ọkọ̀ gidi kì í rìn báyẹn (ọ̀pọ̀ máa ń ṣù sí àárín ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rìn jìnnà). PNAS fa ìwádìí náà padà lọ́dún kan náà.

Àyẹ̀wò ló ń ká irọ́ báyìí lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá yọ 5,000 máìlì lọ́dún yìí gbọ́dọ̀ gbé e pọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máìlì ọdún kan á ṣàdédé fò sókè. Tó bá tún fẹ́ jèrè, ó di 10,000. Fọ́tò géèjì kan ṣoṣo, tí wọ́n bèèrè fún láìsọ tẹ́lẹ̀, ti tó láti tú u fó.