Òpó tí gbogbo wa rí, tí máàpù lè má mọ̀

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Ọ̀bà-Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ọyẹ́ títí di inú òjò tí a wà yìí.

Ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ ri òpó ìbánisọ̀rọ̀ sórí ilẹ̀ ọ̀kan nínú wa, gbogbo ohun tí a sì jíròrò lé lórí lọ́jọ́ náà kò ju iye tí wọn yóò san fún ẹgbẹ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo fi ń jẹun, àdúgbò wa kò sì jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde béèrè bóyá wọ́n ti gba ìwé àṣẹ gíga òpó náà lọ́wọ́ NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, kí àwọn tó ń ya máàpù fún awakọ̀ òfurufú lè mọ̀ pé nǹkan tuntun fẹ́ dìde níbẹ̀. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ló dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, awakọ̀ bàálù kò fọ́jú. Bó bá rí òpó, yóò yà fún un." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àgbà ni Bàbá. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo sì jókòó.

Ohun tí n kò ráyè sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí. Nínú ìkùukùu, ojú awakọ̀ kò wúlò fún un. Ohun tí wọ́n kọ sínú máàpù ló ń tọ̀. Máàpù tí wọ́n fi ń balẹ̀ sí pápákọ̀ máa ń sọ bí bàálù ṣe gbọ́dọ̀ ga tó nínú agbo tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 46 láti àárín dé etí rẹ̀. Wọn yóò wo ohun tó ga jù lọ nínú agbo náà, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lé e, ó kéré tán. Òkè Ìdànrè kò ṣí kúrò níbi tó wà láti ayébáyé, ẹni tó bá sì kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti kọ ọ́ tán. Òpó kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè má sí níbẹ̀ lóṣù yìí, kó sì wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Nítòsí ojú ibi tí bàálù ń gbà balẹ̀, níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, òpó kúkúrú lè léwu ju òkè ńlá tó wà lọ́nà jíjìn lọ.

Nítorí irú àyípadà báyìí ni ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú, fi ṣètò ọjọ́ 28, ìyẹn ni pé ọjà tí à ń ná lọ́rọọrún yóò pé ìgbà méje. Bó bá ti pé, lọ́jọ́bọ̀ kan náà káàkiri ayé, máàpù tuntun ń gba ipò ti àtijọ́. Kódà àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí ń ṣí díẹ̀díẹ̀: lọ́dún 2009, wọ́n yí nọ́ńbà ojú ọ̀nà bàálù, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ńpáàsì mọ̀, ní pápákọ̀ Stansted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà láti 05 àti 23 sí 04 àti 22 nítorí rẹ̀. Ètò tó dára gan-an ni, àmọ́ ohun tí ẹnì kan bá lọ sọ fún wọn nìkan ló lè wọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1998, bàálù ológun Amẹ́ríkà kan gé wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè ní Cavalese, nílẹ̀ Ítálì, 20 èèyàn ló sì kú. Lóòótọ́ ni àwọn awakọ̀ náà fò sílẹ̀ ju bí òfin ṣe gbà wọ́n láyè lọ, n kò sì gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n wáyà náà kò sí nínú máàpù tó wà lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọdé ìlú náà tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan yóò ní GPS ti dé báyìí. Ibi tí bàálù wà ni GPS ń sọ. Òpó tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, kò lè mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ri òpó tiwa kí oṣù kejì tó parí. Mo gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ mi sí ẹ̀yìnkùlé, mo wò ó láti ojú ibi méjì, mo sì rí i pé mítà 45 ni láti ìpìlẹ̀ dé orí. Wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun bó ṣe yẹ, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni iná pupa orí rẹ̀ fi tàn kó tó kú. Láàárọ̀ tí kùrukùru bá bolẹ̀, èmi tí mo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í rí ìdajì rẹ̀ lókè.

Lóṣù kẹta, mo kọ ibi tó wà àti gíga rẹ̀ sínú lẹ́tà, mo sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan fúnra mi. Akọ̀wé tó gbà á lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, ó fi èyí tó kù lé orí òkìtì fáìlì tí eruku ti bò, ó ní wọn yóò pè mí. Ọjọ́ 28 ti pé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà, fóònù mi kò sì dún. Ó bí mi nínú gidigidi.

Síbẹ̀, n kò lè búra pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ri òpó náà ti gba àṣẹ kí n tó mọ̀, kó sì ti wà nínú máàpù. Ó sì lè jẹ́ pé mítà 45 níbi tó wà yẹn kò dí ọ̀nà bàálù kankan. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n kò ní ẹni tí mo lè bi, kó sì dá mi lóhùn.

Lálẹ́ àná, Bàbá pè mí. Ọmọ wọn obìnrin ń bọ̀ láti Abuja lọ́jọ́ Ẹtì, bàálù ló sì fẹ́ wọ̀. "Ọmọ mi, àwọn tó o kọ̀wé sí, ṣé wọ́n ti dá ẹ lóhùn?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá iná orí òpó náà ti ń tàn. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, fóònù ṣì wà létí mi, mo sì wòkè. Kò tàn.