Fèrèsé Méjì Ní Ọ́fíìsì Ṣẹ́rífù Kan

Ohun méjì wà tó máa ń gbé àwọn èèyàn wa dé ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káúntì (ìjọba ìbílẹ̀), níbí ní Minnesota láìjẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ sófin. Èkíní ni ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri. Èkejì ni gbàǹjo, ìyẹn ilé tí báǹkì gbẹ́sẹ̀ lé torí pé onílé ò rí owó mọ́gééjì, ìyẹn ẹ̀yáwó tó fi ra ilé, san mọ́, tí ṣẹ́rífù wá ń bá wọn tà á fún ẹni tó bá dá iye tó ga jù. Ọ́fíìsì kan náà ni, ṣẹ́rífù kan náà ni, àmọ́ tí ẹ bá ka òfin tó wà nídìí fèrèsé kìíní kí ẹ tó wá ka ti ìkejì, ẹ ò ní gbà pé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kan náà ló kọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí ò dáa rárá, ó sì ti tó àkókò kí àwọn aṣòfin ní St. Paul, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró nídìí fèrèsé ìbọn ná. Láti 2003 ni wọ́n ti ṣe òfin yẹn, kóòtù wọ́gi lé e, wọ́n tún un ṣe ní 2005. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí kó ní green card, ó gbọ́dọ̀ ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìbọn kó sì mú sátífíkéètì ẹ̀ dání, òun fúnra ẹ̀ ló máa wá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n á wá tú gbogbo ìwé wò bóyá ó ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí, bóyá kóòtù ti ní kó má sún mọ́ ìyàwó ẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ pátá. Ṣẹ́rífù náà ò ráyè ṣe bó ṣe wù ú o. Owó tó lè gbà fún ìwé tuntun ò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 100 lọ. Ọjọ́ 30 ni òfin fún un. Tó bá fẹ́ kọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ ní pàtó, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sì lè gbé e lọ sí kóòtù. Tí ọjọ́ 30 bá wá kọjá tí ṣẹ́rífù ò fọhùn ńkọ́? Òfin ní dídákẹ́ ẹ̀ ti di bẹ́ẹ̀ni nìyẹn, ẹni náà ti gba ìwé ẹ̀, ọdún 5 ló sì máa lò ó.

A ò bínú sí ìyẹn o, a fara mọ́ ọn. Nílé ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ nìkan ni òfin sọ pé ó lè fọwọ́ sí i, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ìbọn ṣakabùlà ọwọ́ ọdẹ nìkan la mọ̀ dàgbà. Ó dáa kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n kọ́ ọ. A tún fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ eléyìí dáadáa: òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi ààyè kékeré kan bíi ti ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ, torí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan sọ pé kí ẹ bá òun tọ́jú tòun fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó sì ti gba káàdì tiẹ̀, kó má rò pé káàdì yẹn ni apata. Ní July 6, 2016, ní Falcon Heights tí kò jìnnà sí wa yìí, Philando Castile ní ìwé àṣẹ tiẹ̀, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ fún ọlọ́pàá tó dá a dúró pé ìbọn wà lára òun, ọlọ́pàá yẹn sì yìnbọn pa á nínú mọ́tò, lójú obìnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra àti ọmọ ọdún mẹ́rin tó jókòó sẹ́yìn. Ní 2017 kóòtù dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀. Títí di òní, tí a bá rí iná búlúù lẹ́yìn mọ́tò wa lálẹ́, ọ̀rọ̀ Castile ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn.

Fèrèsé kejì ni ọ̀rọ̀ wà gan-an.

A lọ jókòó síbi gbàǹjo kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò ní dárúkọ káúntì náà. Kọ́rídọ̀ lásán ni, àga bíi mẹ́rin. Obìnrin kan jókòó tì wá, aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, ó jọ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà torí yìnyín ṣì wà létí bàtà ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àpòòwé kan mú mọ́ àyà. Ṣẹ́ẹ̀kì báǹkì ló wà nínú ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan jáde pẹ̀lú fáìlì, ó ka àdírẹ́ẹ̀sì ilé, lọ́yà báǹkì dá iye tiẹ̀, òṣìṣẹ́ yẹn wá bojú wo gbogbo wa. Obìnrin yìí fi pẹ̀lẹ́ bi í pé ṣé èèyàn ṣì ń gbé ilé náà. Ó ní àwọn ò lè fún un nímọ̀ràn òfin. Ó tún bi í pé ṣé gbèsè míì wà lórí ẹ̀. Èsì kan náà. Ọkùnrin yẹn ò bú u, kò sì kanra mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ní kó máa dáhùn nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Obìnrin náà ò nawọ́, ó ti àpòòwé ẹ̀ bọ inú báàgì, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Orí ló kó o yọ. Arákùnrin kan ní Brooklyn Park nawọ́ ní tiẹ̀. Owó tí òun àti ìyàwó ẹ̀ ti ń kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àjọ wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ní kí wọ́n fi sin bàbá ìyàwó ẹ̀ nílé wà níbẹ̀, ó kó gbogbo ẹ̀ lé ilé kan tí owó ẹ̀ kéré gan-an sí ti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, inú ẹ̀ dùn, ó pe àwọn èèyàn pé Ọlọ́run ti ṣe é. Kò mọ̀ pé ẹ̀yáwó kejì, ìyẹn owó míì tí onílé tún fi ilé náà dúró yá lẹ́yìn mọ́gééjì àkọ́kọ́, ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ta ilé náà. Ẹ gbọ́ o, tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó kejì ló gbé ilé dé gbàǹjo, ẹ̀yáwó kìíní ò kúrò níbẹ̀, ó ṣì jókòó lórí ilé náà digbí, ẹni tó rà á ló máa wá ọ̀nà san án tàbí kí báǹkì kìíní tún wá gba ilé náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Ìwé tí wọ́n sì fún un lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ìwé ilé, ẹ̀rí pé ó rà á ní gbàǹjo ni, torí òfin Minnesota fún onílé ní oṣù 6 láti fi ra ilé ẹ̀ padà, ìgbà míì oṣù 12, inú ilé náà ló sì lè máa gbé títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Ẹni tó rà á ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé lọ wo òrùlé tàbí páìpù. Ó kàn ń wa mọ́tò kọjá níwájú ilé tó fowó ẹ̀ rà ni, ó ń wo iná tó ń tàn níbẹ̀. Tí gbèsè owó orí ìjọba àpapọ̀ bá wà lára onílé tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, náà ní ó kéré tán ọjọ́ 120 láti fi ra ilé náà fúnra wọn.

Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí ló wà nínú ìwé káúntì. Lọ́yà báǹkì ti wá a jáde kó tó kọ ìkéde sínú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni kan ṣoṣo tí kò mọ̀ níbi gbàǹjo yẹn ni ẹni tó fẹ́ san owó.

Àwọn kan á sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, pé ẹni tó fẹ́ ra ilé ló yẹ kó gba lọ́yà tirẹ̀. Òótọ́ ni, a sì ń sọ ọ́ fún yín láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má gbé owó lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé lọ́yà ti bá a wádìí ìwé ilé. Àmọ́ ẹni tó wá gba ìwé ìbọn, wọn ò sọ fún un pé kó lọ máa ṣọ́ orí ara ẹ̀, òfin ní kó lọ kọ́ ọ kó tó débẹ̀. Ìjọba ló ń ta ilé yìí, lọ́wọ́ ṣẹ́rífù tí a dìbò yàn, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń rò pé ọjà náà mọ́. Òótọ́ ni pé ṣẹ́rífù kì í ṣe lọ́yà. A ò ní kó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ìwé ojú kan ṣoṣo la ní kí òfin mú kí lọ́yà báǹkì kọ, kí ṣẹ́rífù fún gbogbo ẹni tó bá wá kó tó gba kọ́bọ̀: ẹ̀yáwó kìíní ni àbí ìkejì, gbèsè wo ló ṣì máa wà lórí ilé náà lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á, oṣù mélòó ni onílé ní, ṣé èèyàn wà níbẹ̀.

Onílé tí wọ́n ń ta ilé ẹ̀ wá ńkọ́? Òfin ti gbìyànjú díẹ̀ fún òun, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ìrànwọ́ tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ kó má baà sọnù láàárín àwọn ìwé yòókù. Ibi tó ti burú ni owó tó bá ṣẹ́kù. Tí wọ́n bá ta ilé tán, tí wọ́n yọ gbèsè báǹkì àti owó ìnáwó, tí owó sì ṣì kù lọ́wọ́ ṣẹ́rífù, òfin ní kó fún onílé tó bá béèrè. Tó bá béèrè! Ẹ fi èyí wé ti fèrèsé ìbọn: níbẹ̀, tí ṣẹ́rífù bá dákẹ́, ẹni tó wá gba ìwé ló jèrè, níbí, tí màmá tí wọ́n ta ilé wọn bá dákẹ́, torí pé wọn ò mọ̀ tàbí torí pé ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè, owó wọn á kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Minnesota yìí sì ti rí ẹ̀kọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ní tòótọ́ kì í ṣe gbàǹjo ṣẹ́rífù nìyẹn, ti owó orí ilé ni. Geraldine Tyler, màmá àgbà kan, jẹ owó orí bíi dọ́là 2,300 lórí fúláàtì wọn ní Minneapolis, èlé àti owó ìtanràn gbé e dé nǹkan bíi 15,000, káúntì Hennepin gba fúláàtì náà, wọ́n tà á ní dọ́là 40,000, wọ́n sì kó 25,000 tó ṣẹ́kù sápò ìjọba. Àwọn adájọ́ kéékèèké ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹjọ́ náà gòkè dé Kóòtù Gíga Jù Lọ ní Washington, ní May 25, 2023 adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ohùn kan sọ pé káúntì ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé owó tó ju gbèsè lọ. Màmá yẹn ti pé ẹni ọdún 94 nígbà náà. Tó bá jẹ́ pé owó tó ṣẹ́kù ti onílé ni, kí ló dé tí onílé á fi máa wá a kiri? Kí ṣẹ́rífù kọ lẹ́tà sí i láàárín ọjọ́ 30, ọjọ́ 30 kan náà tí wọ́n fún un lórí ìbọn, kó sọ iye tí wọ́n ta ilé àti iye tó kù, kó sì fi fọ́ọ̀mù tí onílé máa fọwọ́ sí sínú ẹ̀. Sítáǹbù kan ni ìnáwó ẹ̀.

Ẹ̀yin tí lẹ́tà báǹkì ti wà lórí tábìlì yín báyìí, ẹ má dúró de aṣòfin, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan fún àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn pé àwọn fẹ́ gbà yín. Ẹ pe Minnesota Homeownership Center, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn. Kí wọ́n tó ta ilé, owó oṣù tí ẹ jẹ sẹ́yìn àti ìnáwó lọ́yà lẹ ní láti san kí ọ̀rọ̀ tó tán; lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á, gbogbo iye tí wọ́n tà á àti èlé ẹ̀ lẹ máa wá. Tí ẹ bá fẹ́ sún ọjọ́ gbàǹjo síwájú ní oṣù 5, ààyè wà nínú òfin, ó kéré tán ọjọ́ 15 kó tó di ọjọ́ gbàǹjo ni kí ìwé ìbúra yín ti dé ọwọ́ ṣẹ́rífù, àmọ́ oṣù 6 ìràpadà yẹn á wá di ọ̀sẹ̀ 5. Tí wọ́n bá sì ti tà á, ọjọ́ tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù 6, ẹ má ṣe kà á láti ọjọ́ tí ẹ ṣí lẹ́tà.