Ṣé Ẹ Ò Wo Fídíò Ni?

Ìbéèrè yìí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yunifásítì kan fi pàdé ọmọ àbúrò mi obìnrin ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó kọjá. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ọmọ náà ti kúrò ní Òkìtìpupa, ọkọ̀ mẹ́ta ni ó wọ̀, ó sì gbá fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà ní gbogbo ọ̀nà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó mú wá fún àyẹ̀wò ìwé ni ó wà nínú fáìlì yẹn: èsì WAEC, ìwé ìgbàwọlé JAMB, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, lẹ́tà láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìbúra láti kóòtù, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́jọ tí ẹ̀yìn wọn pupa. Ohun kan ṣoṣo tí kò mú lọ́wọ́ ni ìròyìn pé wọ́n ti sún àyẹ̀wò náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó sì fi hàn án pé láti Ọjọ́bọ̀ ni fídíò ìkéde náà ti wà lórí Facebook. Ọmọ náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó pè mí, ó ní, "Dádì Ìbàdàn, wọ́n ní mi ò wo fídíò." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó jẹ̀bi. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Mo wá fídíò náà, mo sì rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó, nítorí pé ní ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ tí mò ń wá ti kọjá létí mi kí n tó mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, kámẹ́rà tí ń fò ni ó ń rábàbà bí àwòdì lórí òrùlé ilé Sẹ́nétì, tí orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú sì ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ènìyàn jẹ ọba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pápá ìṣeré hàn, wọ́n fi ilé ìkàwé hàn, wọ́n fi yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn hàn, wọ́n sì fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan hàn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó jẹ́ pé, bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹnikẹ́ni kò tíì tàn án. Gíwá kí gbogbo wa káàbọ̀. Ó kí àwọn òbí, ó kí àwọn ọba alayé, ó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ohùn obìnrin kan tó sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, pé ọjọ́ àyẹ̀wò ìwé ti yí padà. Kò sí lẹ́tà kankan lójú fídíò tí ó kọ ọjọ́ tuntun náà sílẹ̀. Orin kò sì dákẹ́ fún un. Àwòrán ọkùnrin kan tí ń bomi rin òdòdó ni wọ́n fi ń hàn wá ní àkókò tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí ìbá gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìnáwó òfò.

Mo ní kí n má fi ìkánjú dá wọn lẹ́bi, mo bá lọ sí ìkànnì yunifásítì náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ àtijọ́ ni ó ṣì jókòó síwájú ìkànnì náà bí onílé. Ìgbà tí mo tẹ ibi, tí mo tẹ ọ̀hún, ni mo tó rí ìkéde tuntun. Ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ti fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì ti fi fóònù ya ìwé náà ní fọ́tò lórí tábìlì, tí etí tábìlì àti ìdajì ife tíì fi wọ inú fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà bọ́ sórí ọjọ́. Ó lè jẹ́ 14, ó lè jẹ́ 19, ọkàn oníkálukú ni yóò sọ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì há sínú fọ́tò báyìí, ẹni tí ó fi Google wá a kò ní í tètè rí i, bẹ́ẹ̀ ni fóònù akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, èyí tí ó máa ń ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ sókè fún un, lè kàn sọ pé àwòrán ni, kí ó sì rékọjá.

Nígbà tí èmi náà wà ní yunifásítì ní àwọn ọdún 1990, pátákó onígíláàsì tí wọ́n fi àgádágodo tì ni ìkéde máa ń wà. A máa ń fi èjìká ti ara wa kí a tó dé iwájú rẹ̀, ẹni tí ó bá ga jù lọ ni yóò sì máa kà á sókè fún àwa tí ó kù. N kò sọ pé ayé yẹn dára ju tòní lọ, nítorí pé ẹni tí kò bá sí nínú ọgbà kò ní í gbọ́ ohunkóhun títí ẹnì kan yóò fi padà sílé wá sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá yí padà, akọ̀wé kan á ṣí gíláàsì, á fi bírò pupa fagi lé èyí àtijọ́, á kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì fọwọ́ sí i. Ojú kan ni ọ̀rọ̀ wà. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà wà lórí Facebook, ó wà lórí YouTube, ó wà lórí X, ó wà nínú àìmọye ẹgbẹ́ WhatsApp, èyí tí ó wà nínú ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu.

Àbúrò kan tí mo mọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì mìíràn. Mo pè é kí n lè rí ẹni bá jà. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò ní í kà á, ẹnikẹ́ni ò sì ní í yìn mí. Bí mo bá fi fídíò ṣe é, àwọn ọ̀gá á pè mí, wọ́n á ní mo káre." Ó ní iye ojú tí ó wo fídíò ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ òun ní ìpàdé, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rí pé mélòó nínú àwọn tí ó wò ó ni ó dé ibi tí ó yẹ ní ọjọ́ tí ó yẹ. Ó ní bí yunifásítì kan bá ti gbé ti ẹ̀ jáde, tiwọn náà á ní àwọn kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn, àfi bí aṣọ ẹbí.

Kí á sì sọ òótọ́, ìkéde tí ń gba orí àwọn tí ó kàn kọjá kò bẹ̀rẹ̀ lórí Facebook. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, láti ẹnu Ààrẹ Goodluck Jonathan lórí afẹ́fẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó (UNILAG) ti gbọ́ pé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti di Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Ìgboro ni wọ́n bọ́ sí, orúkọ náà kò sì dúró. Tiwọn jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n sì pọ̀ tó láti fẹ̀hónú hàn. Ọmọ kan lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kò lè dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n kò mọ iyì fídíò. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, tí ìyanṣẹ́lódì ASUU sì tún mú kí púpọ̀ nínú ti ìjọba wà ní títì pa títí di oṣù Kejìlá, àwọn yunifásítì aládàáni ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn lórí Zoom. Mo fi ojú mi rí ọmọ aládùúgbò wa tí ó gbé fóònù lé ojú fèrèsé nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ń yanjú ìṣirò fún un ní ìlà ní ìlà, tí ọmọ náà ń dá fídíò náà dúró, tí ó ń dá a padà sẹ́yìn, títí tí ó fi yé e. Iṣẹ́ tí ó yẹ fídíò nìyẹn. Ọjọ́ àti aago kì í ṣe ohun tí a ń fi òdòdó ṣàlàyé.

Owó sì tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ tí mo mọ̀ kì í tan dátà wọn sílẹ̀ mọ́. Wọn á tàn án, wọn á gba ohun tí ó wọlé sórí WhatsApp, wọn á sì pa á kíá. Ọmọ tí mò ń sọ yìí rí i pé wọ́n gbé nǹkan kan sórí Facebook ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó rí àwòrán ilé Sẹ́nétì tí ó dúró gbagidi lójú fóònù rẹ̀, ó rò pé ìpolówó ni, ó fi í sílẹ̀ di ìgbà tí dátà bá wà. Àwọn kan yóò ní ọmọ tí ń lọ sí yunifásítì yẹ kí ó lè wá ìròyìn fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ láti Òkìtìpupa ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tí mò ń béèrè kò ju ìlà kan lọ. Kí wọ́n fi lẹ́tà kọ ọ́ síwájú ìkànnì wọn, kí ọjọ́ tuntun ṣáájú, kí wọ́n fagi lé èyí àtijọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìlà kan náà ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ó kàn. Wọ́n ní nọ́ńbà wọn. Nígbà tí ọmọ yìí kò tíì san owó tí ó fi hàn pé ó gba ipò tí wọ́n fún un, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ni ó wọlé sórí fóònù rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó hàn kedere, iye owó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn náà wà nínú rẹ̀, kò sì sí orin kankan níbẹ̀.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ìyá ọmọ náà tó pè mí. Epo pupa ni àbúrò mi yìí ń tà, kò sì ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn mi lórí fídíò náà fún un, ó sì dá mi dúró. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi wo fídíò yẹn láti Ọjọ́bọ̀. Mo wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà." Tíṣà kan tí wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò ni ó fi í ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun mú un lọ sí ọjà, gbogbo àwọn tí àwọn jọ ń ta epo ni ó kó orí jọ wò ó. Ó rí yàrá tí ọmọ rẹ̀ yóò máa sùn. Ó rí ilé ìkàwé. Láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ yunifásítì nínú ilé wa, owó nìkan ni ó ń gbọ́, kò rí ibẹ̀ rí. Ó ní, "Ṣé ẹ rí ibi tí bàbá yẹn ti ń bomi rin òdòdó? Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú nǹkan ni ọmọ mi ń lọ."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí obìnrin kan ń sọ níbi òdòdó yẹn. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì obìnrin náà yá jù.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti dà rú mọ́ mi lójú. Ìlà kan tí mo ti ń jà fún láti òkè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ọ́. Fídíò tí mo ti ń bú láti òkè, òun nìkan ni nǹkan tí yunifásítì yẹn tíì ṣe tí ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Bí wọ́n bá fi Yorùbá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, bóyá ìyá ni ìbá sọ fún ọmọ. Bóyá sì ni, nítorí ó lè jẹ́ òdòdó náà ni ìbá ṣì máa wò.

Kí ó tó pa fóònù, ó ní fóònù òun ti kún, òun ti ṣèèṣì pa fídíò náà rẹ́, kí n jọ̀wọ́ bá òun fi í ránṣẹ́ padà. Mo fi í ránṣẹ́. Mo kọ ọjọ́ tuntun sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, mo sì tún fi ohùn ara mi sọ ọ́ sórí WhatsApp, nítorí pé n kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kọ́kọ́ ṣí.