Ẹ má fi àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ṣe pàṣán na àwọn ọmọ ìsinsìnyí

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún bá ti pé, tí gbogbo àgbáyé ń yẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sí, ohun kan náà ni àwọn tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́ máa ń sọ: pé àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ló mọ iṣẹ́, pé àwọn ló láàánú, pé owó kọ́ ni wọ́n bá wá, àti pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ju kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí kí wọ́n sì jápa. Lọ́dún yìí, níbi ìdúpẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà níbí, ọkùnrin kan tí ó wà nípò àṣẹ dìde, ó nawọ́ sí àwọn ìyá àgbàlagbà tí wọ́n wọ aṣọ funfun jókòó níwájú, ó ní, "Ẹ wo àwọn tó sìn wá láìbéèrè nǹkan kan." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, nítorí pé mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, mo mọ ohun tí ó béèrè, mo sì mọ bí ó ti pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àbúrò ìyá mi ni. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tí kò mọ̀ pé ó lórúkọ mìíràn. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí ni ó ti kọ́ṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí ilé ìwòsàn náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kí ó tó di ara ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ifẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn èyí ni ó tún padà lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí.

Bí ó bá ń sọ ìtàn ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kì í gbé jẹ́ẹ́. Síríńjì onígíláàsì ni wọ́n ń lò, abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá sì fi gún ẹnì kan lónìí ni wọn yóò fi gún ẹlòmíràn lọ́la. Bí wọ́n bá ti lò ó tán, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò fi wáyà tín-ín-rín gba inú ihò rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì síbẹ̀, wọn yóò pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta, wọn yóò sì fa ẹnu náà gba inú òwú. Bí ó bá fa òwú dání, a jẹ́ pé ẹnu abẹ́rẹ́ ti ká, yóò sì ya aláìsàn lára, nítorí náà orí òkúta ni yóò tún padà sí. Ìgbà tí òwú bá tó yọ láìfà ni wọ́n tó ń sè é nínú omi gbígbóná. Ó ní ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wọn mú abẹ́rẹ́ kan nínú àwo tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé wá, ó fà á gba inú òwú, òwú lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ní kí ọmọ náà lọ pọ́n gbogbo abẹ́rẹ́ inú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró tì í títí ó fi pọ́n èyí tó kẹ́yìn, ó ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ lé òkúta hàn án.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ a máa gbọ́ apá kan nínú ìtàn yìí, apá ìyà àti ìbáwí, wọn a sì sọ pé ìyẹn ló sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì gidi. Ibi tí olùkọ́ ti dúró tì í ni wọn kì í gbọ́. Bí Màmá Nọ́ọ̀sì bá ṣírò ohun tí wọ́n ní nígbà náà, ènìyàn ló máa ń kà, kì í ka ìwà. Ní òru, nọ́ọ̀sì àgbà kan yóò wà ní wọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta yóò wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò máa gbé ìgbẹ́ àti ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni sístà òru, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó gbogbo wọ́ọ̀dù lóru, yóò máa lọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ló fún wọn ní ibùsùn, òun ló sì ń bọ́ wọn. N kò sọ pé ohun gbogbo dára o. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóyún, ilé ló ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó fún un lóyún.

Wọ́n tún ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley wá sí Iléṣà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan nítòsí Iléṣà. Ibẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti gbilẹ̀, èyí tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, tí ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ lé lọ́wọ́: àwọn ni wọ́n ń wọn ọmọ, tí wọ́n ń fi àmì sí káàdì, tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò le, tí wọ́n sì ń mọ èyí tó yẹ kí dókítà rí. Màmá Nọ́ọ̀sì kò bá Morley, ẹni tó ti lọ ní 1961, ṣùgbọ́n ó bá káàdì náà àti àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, bàbá mi ṣàìsàn, wọ́n sì dá a dúró ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Màmá Nọ́ọ̀sì wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́, ó sì kọ̀ láti padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú dáadáa, iná lọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin náà, ọmọdébìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ó fi eyín di fóònù rẹ̀ mú kí iná rẹ̀ lè tàn sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ó ti ń wá iṣan lára aláìsàn kan. Omi tí wọ́n fà sí bàbá mi lára ti ń sáré jù. Mo rò pé Màmá Nọ́ọ̀sì yóò bínú, nítorí pé obìnrin tí kì í fojú fo igun aṣọ ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò dọ́gba ni. Kò bínú rárá. Ó gba fóònù mi, ó gbé aago rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó ka bí omi náà ti ń kán, ó dín in kù, ó tún kà á títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá ọmọ náà, ó rọra yọ fóònù lẹ́nu rẹ̀, ó sì bá a tanná.

Nígbà tí wọ́n rí iṣan náà, ó bi í pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lóru yìí?"

Ọmọ náà ní, "Èmi nìkan ni, mà. Ẹnìkejì mi ti lọ, wọn kò tíì rí arọ́pò rẹ̀."

"Aláìsàn mélòó?"

"Méjìlélógún, mà."

Màmá Nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ mi, a kò ṣe irú èyí rí láyé tiwa. Wọn kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí á ṣe é."

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Láìbéèrè nǹkan kan, kẹ̀? Obìnrin yìí kọ ìwé títí ó fi sú u pé kí wọ́n fi ènìyàn kún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù ìbímọ tí ó ń ṣàkóso. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ó tò, ó jókòó lórí àga gbọọrọ lọ́ọ́fíìsì, ó tún padà lọ, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì tìtorí rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje ọdún 2025, owó àjẹmọ́nú tó yẹ iṣẹ́ àti kí ìjọba gba ènìyàn sí i, kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀.

Ní ti pé lílọ sí òkè òkun jẹ́ ìwà ọmọ ìsinsìnyí, Kofoworola Abeni Pratt tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí wọ́n bá ń yin àwọn ìyá wa, ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó lọ kọ́ṣẹ́ ní 1946. Wọn yóò ní ó padà wálé. Òótọ́ ni, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mètírọ́nù, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun fún, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957, tó ń wá ènìyàn lójú méjèèjì, ni ó padà wá bá. Èwo ni àwọn ti òde òní yóò padà wá bá?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dí mi lẹ́nu ni ti òfin tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé lẹ́yìn tí ó gbàwé kí wọ́n tó lè bá a fọwọ́ sí ìwé fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé mo ka òfin náà sí okùn tí wọ́n so mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo rò pé Màmá Nọ́ọ̀sì yóò bá mi sọ ohun kan náà. Ó ní òun fara mọ́ òfin náà. Mo ní, "Mà, nínú ọdún méjì yẹn, ta ni yóò dúró tì wọ́n? Ẹ̀yin náà rí ọmọ tó ń fi ẹnu di fóònù." Ó ní, "Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá lọ, ta ni yóò dúró ti ọmọ yẹn?"

Mo ti gbìyànjú láti fèsì sí i, n kò rí èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti bi mí bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ sí múra ìdánwò òkè òkun sílẹ̀. Mo ní kí ó lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tí màmá yóò sọ fún un, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kí ó gbà á.