Owó ìjọba dé orí, kò dé ẹsẹ̀

Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, àmọ́ tí mi ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí síta lálẹ́ yìí, oorun ò ní kùn mí. Àjọ tó ń darí eré idà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo kílọ́ọ̀bù pé àwọn ti yí lógò àwọn padà. Lógò! Wọ́n ní kọ́ńsọ́tàǹtì ló bá àwọn ṣe é, wọ́n ní ó gbà wọ́n tó oṣù mẹ́fà, idà tó dúró gangan nínú lógò àtijọ́ ti wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ báyìí, wọ́n ní kí ayé lè rí i pé à ń tẹ̀ síwájú ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n dá fọ́ọ̀mù mi padà lẹ́ẹ̀kẹta, fọ́ọ̀mù tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbòjú onírin méjìlá fún àwọn ọmọ kílọ́ọ̀bù wa. Ìbòjú o, kì í ṣe mọ́tò.

Ẹni tí ò mọ eré idà lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìbòjú yẹn ló wà láàárín ojú ọmọ àti irin. Nǹkan kan wà tá a fi ń dán an wò, ó rí bí ìṣó ńlá tó ní sípíríǹgì, agbára kílò 12 la fi máa ń tì í mọ́ àwọ̀n irin iwájú ẹ̀, tó bá ti tẹ̀ wọlé tàbí tí ihò ẹ̀ là, ó ti kú nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Mẹ́rin ló kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín ọdún kan. Àwọn ọmọ wá ń pààrọ̀ èyí tó kù láàárín ara wọn, ọ̀kan á bọ́ ọ, èkejì á gbé e wọ̀ pẹ̀lú òógùn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa wo ìyókù. Ọmọ tó bá jókòó báyẹn fún oṣù méjì kò ní padà wá mọ́, ta ló máa dá a lẹ́bi?

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi dá fọ́ọ̀mù padà. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ní mi ò kọ ètò ọlọ́dún mẹ́ta síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kò sí àbájáde tó ṣeé wọ̀n nínú ẹ̀. Àbájáde wo ni ìbòjú ń mú jáde ju pé kí ojú ọmọ má fọ́ lọ? Mo tún un kọ, mo fi nọ́ńbà sí i, mo fi fọ́tò ìbòjú tó tẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n wá ní owó ti tán. Owó ti tán! Kí ló wá dé tí wọ́n fi jẹ́ kí n máa kọ̀wé kiri bí akọ̀wé kóòtù látọjọ́ yìí, èmi tí mò ń ṣe eléyìí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí owó yẹn ṣe ń rìn, torí ọ̀pọ̀ òbí rò pé àwa la ń jẹ ẹ́. Eré tó kéré bíi tiwa yìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí Òlíḿpíìkì kan láti 1896 tí wọn ò ti ṣe é, kò sẹ́ni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n àfi lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, torí náà kì í sábà rí ilé iṣẹ́ ńlá tó máa ṣagbátẹrù ẹ̀, owó ìjọba ló ń gbé e dúró. Ìjọba á ní àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré kí ara wọn le, wọ́n á gbé owó jáde, ó bọ́ sọ́wọ́ àjọ àpapọ̀. Àjọ á yọ owó oṣù ọ̀gá àgbà, á yọ ti igbákejì ẹ̀, á yọ owó ilé, owó ọ́dítọ̀, owó lọ́yà, owó ọkọ̀ òfúrufú àwọn tó ń lọ ṣe mítíìnì nílẹ̀ òkèèrè. Èyí tó bá kù, apá tó pọ̀ jù á lọ bá àwọn tí wọ́n rò pé ó lè gba mẹ́dàlì. Ìyókù ìyókù á bọ́ sọ́dọ̀ àjọ ẹkùn, ìyẹn ti agbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹkùn náà ní akọ̀wé, ẹkùn náà ní mítíìnì. Kó tó kan kílọ́ọ̀bù, ó ti di ìtàn.

Àwa sì nìyí, owó ń ti ọ̀dọ̀ wa gòkè lọ ní tiwa. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń san owó ẹgbẹ́ fún àjọ, kílọ́ọ̀bù ń san owó ìforúkọsílẹ̀, kóòṣì ń san owó láísẹ́ǹsì, ó tún ń san owó ẹ̀kọ́ tó fi máa sọ láísẹ́ǹsì yẹn dọ̀tun, tí ọmọ bá fẹ́ díje ó tún máa sanwó kó tó wọlé. Ta ló wá ń bọ́ ta?

Èyí tó tún ń dùn mí wọra ni ti iye ọmọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń bi wá pé ọmọ mélòó la ní, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, mélòó ló jẹ́ aláàbọ̀ ara, mélòó ló wá láti ilé tí kò rí já jẹ. À á jókòó kà wọ́n bí ẹni ń ka adìyẹ. Iye yẹn ni wọ́n máa kó lọ bá ìjọba pé ẹ wo ọmọ rẹpẹtẹ tó wà lábẹ́ wa, ẹ fún wa lówó. Orí ọmọ wa ni wọ́n fi ń gbowó, orí yẹn náà ni wọn ò rí ìbòjú rà fún!

Mo béèrè o. Kì í ṣe pé mo dákẹ́. Mo dìde níbi ìpàdé ọdọọdún, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú owó ìjọba tó wọlé lọ́dún tó kọjá, èló ló dé ọwọ́ kílọ́ọ̀bù? Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìwé ìṣirò owó, lábẹ́ ìdàgbàsókè eré. Mo lọ wò ó. Ìlà kan ṣoṣo! Ìlà kan, pẹ̀lú owó gọbọi níwájú ẹ̀. Mo lọ bá akápò lẹ́yìn ìpàdé, ọmọlúàbí ni, ó là á mọ́lẹ̀ fún mi: owó oṣù àwọn tí wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè wà nínú ẹ̀, mọ́tò wọn wà nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn wà nínú ẹ̀, kódà owó ayàwòrán tó wá ya àwọn ọmọ wa lọ́jọ́sí, tí fọ́tò yẹn wá wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò yẹn gan-an, òun náà wà nínú ẹ̀. Ìdàgbàsókè ta nìyẹn, ẹ sọ fún mi.

Àwọn kan á ní ìlara ló ń ṣe mí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi tèmi sílẹ̀, ká lọ wo Bìrìtéènì, torí tẹ́ ẹ bá ti bá àwọn ọ̀gá àjọ jiyàn báyìí, Bìrìtéènì ni wọ́n máa fà yọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ owó pín. Ní Òlíḿpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, ipò 36 ni wọ́n ṣe. Ojú tì wọ́n. Wọ́n kó owó lọ́tìrì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ti eré ìdárayá lẹ́yìn, wọ́n ní kí UK Sport, àjọ ìjọba tó wà fún eré ìdárayá àwọn àgbà òṣèré, máa pín in, òfin tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé nígbà náà ni pé ẹni tó bá lè gba mẹ́dàlì ló ń gbowó, ẹni tí ò bá lè gbà á kó lọ wá tiẹ̀ ṣe. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́. Góòlù 29 ní London 2012, góòlù 27 ní Rio 2016, wọ́n ṣe ipò kejì ní gbogbo ayé, wọ́n já Ṣáínà sílẹ̀.

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn Rio, nínú oṣù Kejìlá, wọ́n gé owó eré márùn-ún pátápátá: ọfà títa, bádmíntìn, irin gbígbé, rọ́gbì àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, àti, ẹ gbọ́ o, eré idà. Ti bádmíntìn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu jù. Chris Langridge àti Marcus Ellis gba idẹ ní Rio, mẹ́dàlì tí wọ́n rán wọn lọ gbà ni wọ́n gbà bọ̀, síbẹ̀ wọ́n gé wọn. Tó o bá ṣe é, wọ́n gé ọ, tó ò bá ṣe é, wọ́n gé ọ, kí lo fẹ́ ṣe? Àwọn rọ́gbì orí kẹ̀kẹ́ yẹn wá ń tọrọ owó kiri lọ́wọ́ ará ìta kí wọ́n tó wá fún wọn ní díẹ̀ padà, nígbà tó di Paralíḿpíìkì, Òlíḿpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara, ní Tokyo lọ́dún 2021 wọ́n na Amẹ́ríkà ní 54 sí 49, wọ́n gba góòlù. Àwọn tí wọ́n ní kò lè gba mẹ́dàlì! Ṣáájú ìyẹn, ní 2014, wọ́n ti fawọ́ owó bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá ní gbogbo kọ̀rọ̀, torí pé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ò ní dé orí pèpéle mẹ́dàlì. Mi ò bá mẹ́dàlì jà o. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n rò pé ẹni tó ń gba mẹ́dàlì ti ń wá, ṣé wọ́n ń hù lábẹ́ tábìlì bọ́ọ̀dù ni?

Ìwà yẹn náà ló ti ràn mọ́ àjọ tiwa. Idà mẹ́ta la ní, foil, épée àti sabre, ìlànà wọn yàtọ̀ síra, kóòṣì wọn yàtọ̀, ọmọ tó mọ ọ̀kan kì í fi dandan mọ èkejì. Àjọ wa wò ó pé foil ọkùnrin ló lè sún mọ́ mẹ́dàlì, gbogbo owó ìmúrasílẹ̀ bá gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin sabre wa, tí wọ́n ti ń lé ọkùnrin kiri orí pápá láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré, ọdún kejì rèé tí wọn ò rí kọ́ọ̀ǹpù kankan lọ. Kóòṣì wọn ti lọ wá iṣẹ́ míì ṣe.

Ẹ wá wo iye ẹnu tó wà lára ìgò kan ṣoṣo ní Bìrìtéènì yẹn náà. UK Sport wà fún àwọn tó ń lọ Òlíḿpíìkì àti Paralíḿpíìkì, Sport England wà fún ìsàlẹ̀ ní England, Scotland ní tiẹ̀, Wales ní tiẹ̀, Northern Ireland ní tiẹ̀. Eré tí gbogbo àwọn tó ń ṣe é ò kún pápá bọ́ọ̀lù kan lè wá ní àjọ ti gbogbo Bìrìtéènì, ti Scotland, ti Wales, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú alága tiẹ̀ àti ìwé ìṣirò tiẹ̀. Ní 2016 UK Sport àti Sport England tún gbé òfin ìṣàkóso jáde pé àjọ tó bá fẹ́ owó gọbọi gbọ́dọ̀ lépa kí obìnrin tàbí ọkùnrin má dín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí bọ́ọ̀dù, kó máa kéde bó ṣe ń náwó. Òfin tó dáa ni, mo fara mọ́ ọn. Àjọ tiwa náà ti kọ irú ẹ̀, ojú ìwé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n gba ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó máa bójú tó o. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí ìlà kan tó sọ pé ó kéré tán, iye báyìí gbọ́dọ̀ dé kílọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gòkè dé ọ̀dọ̀ àjọ Òlíḿpíìkì àgbáyé gan-an, kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Owó tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pín fún àwọn eré, wọ́n to àwọn eré sí ìpele A títí dé E, àwọn tí ayé ń wò jù ló wà lókè, eré idà wà ní D. Ẹni tó ti ní la ó fi kún un fún. Ìyẹn ló fà á tí àjọ eré idà àgbáyé fi fẹ̀yìn ti olówó ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan ṣoṣo, Alisher Usmanov, láti 2008 tí wọ́n ti yàn án sípò ààrẹ, nígbà tí ilẹ̀ Yúróòpù wá fi òfin de dúkìá ẹ̀ ní 2022 torí ogun Ukraine, ó ní láti yẹra. Ní 2024 wọ́n tún dìbò yàn án padà, kò pé ọjọ́ mélòó kan ó tún yẹra. Eré tó wà ní Òlíḿpíìkì látọdún 1896, tó ń wo ojú ẹnì kan!

Ẹ jọ̀ọ́ mo ti ń sọ̀rọ̀ jù. Nǹkan tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eléyìí gan-an ni pé lẹ́yìn ímeèlì lógò yẹn, kò tó wákàtí kan, òmíràn wọlé. Fọ́ọ̀mù iye ọmọ tọdún yìí ni. Lógò tuntun ti wà lórí ẹ̀, idà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ló máa parí, kílọ́ọ̀bù tí kò bá kọ iye tiẹ̀ sílẹ̀, ìṣúráǹsì ò ní bo àwọn ọmọ ẹ̀, wọn ò sì ní lè díje. Ìyàwó mi ní kí n má kọ ọ́, ó ní kí wọ́n lọ ka ọmọ tiwọn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn o, àmọ́ ọmọbìnrin kan wà ní kílọ́ọ̀bù wa tó ti ń ka ọjọ́ sí ìdíje oṣù tó ń bọ̀, òun ló ní kí n má gbàgbé orúkọ òun.

Màá kọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé màá kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi bẹ̀rù wa. Ọmọ mọ́kànlélógójì, ìbòjú mẹ́sàn-án. Wọn ò béèrè iye ìbòjú nínú fọ́ọ̀mù, èmi ni màá fúnra mi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, lẹ́bàá lógò wọn.